Ìpààrọ̀ bátìrì alùpùpù oníná

Ìpààrọ̀ bátìrì alùpùpù oníná ni iṣẹ́ yíyọ àkójọ bátìrì tí ó ti kú, tàbí tí agbára rẹ̀ ti dínkù jọjọ, kúrò lára alùpùpù tí ń lo iná mànàmáná, kí a sì fi òmíràn tí ó bá a mu rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ lára alùpùpù àlòkù, nítorí pé bátìrì sábà máa ń gbó ṣáájú àwọn ẹ̀yà yòókù, òun náà sì ni ó sábà máa ń wọ́n jù lọ nínú gbogbo ohun èlò alùpùpù náà. Férémù, bíréèkì àti ẹ̀rọ tí ń yí táyà lè wà ní pípé, síbẹ̀ kí alùpùpù má lè rìn rárá nítorí pé bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ìpààrọ̀ yìí yàtọ̀ sí ìpààrọ̀ bátìrì kékeré tí a fi ń ṣíná sí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tí ń lo epo bẹntiróòlù. Lára alùpùpù oníná, bátìrì, ẹ̀rọ aṣàkóso bátìrì, kọ̀ntúrólà àti ṣájà jọ ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan kò bá bá àwọn yòókù mu, alùpùpù lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, bátìrì tuntun lè bàjẹ́ láìpẹ́ ọjọ́, tàbí kí ó gbiná. Nítorí náà, ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ náà: kí a mọ̀ dájú pé bátìrì ni ó kú lóòótọ́, kí a sì rí i pé èyí tí a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ bá gbogbo ọ̀wọ́ náà mu.

Àwọn ẹ̀yà ara àkójọ bátìrì

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú àkójọ bátìrì. Àwọn kan rí róbótó bí ìka ọwọ́. Irú èyí tí a ń pè ní 18650 fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní mìlímítà 65. Àwọn mìíràn rí pẹrẹsẹ bí àpò, àwọn mìíràn sì rí bí búlọ́ọ̀kù kékeré. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀léra, tí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì, fóltì wọn yóò ròpọ̀. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí orí kan orí tí ìdí sì kan ìdí, fóltì wọn kò ní yí padà, ṣùgbọ́n iye iná tí wọ́n lè gbà yóò pọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí ni a ń pè ní ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì nínú àyọkà yìí.

Àkójọ bátìrì fóltì 72 tí a fi sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù oníníkẹ́lì ṣe sábà máa ń ní ẹgbẹ́ 20 tí a tò tẹ̀léra. Nígbà tí iná bá kún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dé fóltì 4.2, gbogbo àkójọ náà yóò dé fóltì 84. Bí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ bá lè gba áńpì-wákàtí 40 (40 Ah), agbára tí ó wà nínú rẹ̀ ni 72 lọ́nà 40, èyí tí í ṣe wáàtì-wákàtí 2,880, tàbí 2.88 kWh. Alùpùpù tí ó bá ń jẹ wáàtì-wákàtí 40 lórí kìlómítà kan yóò lè fi agbára yìí rin kìlómítà 72 kí iná tó tán pátápátá.

Yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì, àkójọ bátìrì lítíọ́mù tún ní ẹ̀rọ aṣàkóso bátìrì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BMS. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo fóltì ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, láti máa wo bí bátìrì ṣe gbóná tó, àti láti gé iná bí ẹgbẹ́ kan bá kún jù, bí ó bá ṣófo jù, tàbí bí iná tí ń jáde bá ju èyí tí wáyà àti sẹ́ẹ̀lì lè gbà. Ó tún máa ń mú kí fóltì àwọn ẹgbẹ́ náà dọ́gba. Fíúùsì ńlá kan sábà máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ tí yóò jó bí iná bá ṣẹ́ra.

Irú bátìrì tí alùpùpù oníná ń lò

Bátìrì olójé àti ásíìdì ni ó wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù oníná olówó pọ́ọ́kú. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 2, a sì sábà máa ń so bátìrì fóltì 12 mẹ́fà pọ̀ láti rí fóltì 72. Ó wúwo, kì í sì í pẹ́ bí a bá ń lò ó títí iná inú rẹ̀ yóò fi tán.

Bátìrì níkẹ́lì pẹ̀lú háídrádì irin ní sẹ́ẹ̀lì tí ó jẹ́ fóltì 1.2. Alùpùpù díẹ̀ ni ó lò ó kí lítíọ́mù tó gbòde.

Bátìrì lítíọ́mù ni ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn alùpùpù òde òní. Ilé-iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé irú bátìrì yìí sí ọjà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, John B. Goodenough, M. Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Oríṣi méjì ni a sábà máa ń rí lára alùpùpù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó ní níkẹ́lì, máńgáníìsì àti kóbọ́ọ̀tì (NMC): fóltì sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3.6 tàbí 3.7, ó sì máa ń dé 4.2 bí ó bá kún. Èkejì ni èyí tí ó ní irin àti fọ́sífétì (LFP): fóltì sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 3.2, ó sì máa ń dé 3.65 bí ó bá kún. NMC fúyẹ́ ju LFP lọ fún agbára kan náà, ṣùgbọ́n LFP sábà máa ń pẹ́ jù ú lọ, kì í sì í yá láti gbiná bíi tirẹ̀.

Bí bátìrì ṣe ń kú

Ọ̀rọ̀ náà «bátìrì ti kú» lè túmọ̀ sí ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ojútùú wọn kò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni ogbó. Bí a ṣe ń gbaná sí bátìrì tí a sì ń lò ó, iye agbára tí ó lè gbà yóò máa dínkù. Nínú iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, a sábà máa ń ka bátìrì sí èyí tí ó ti gbó nígbà tí ó bá kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ó lè gbà nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Ooru máa ń mú ogbó yìí yá, bẹ́ẹ̀ náà ni fífi bátìrì sílẹ̀ pẹ̀lú iná kíkún fún ìgbà pípẹ́. Bí bátìrì ṣe ń gbó, ìdènà inú rẹ̀, ìyẹn bí ara bátìrì fúnra rẹ̀ ṣe ń fa iná sẹ́yìn, yóò máa pọ̀ sí i. Bí ìdènà náà bá jẹ́ óòmù 0.1 tí alùpùpù sì ń fa áńpì 80, fóltì 8 yóò sọnù nínú bátìrì. Bí ó bá di óòmù 0.2, fóltì 16 ni yóò máa sọnù. Ìdí nìyí tí alùpùpù àlòkù kan fi lè rìn dáadáa ní ojú ọ̀nà títẹ́jú, kí ó sì kú lójijì bí ó bá fẹ́ gun òkè.

Èkejì ni àìlera ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Nítorí pé a to àwọn ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì tẹ̀léra, èyí tí ó lágbára kéré jù ni ó ń pinnu iye iná tí a lè rí lò. Bí ẹgbẹ́ kan nínú 20 bá ti ṣófo, BMS yóò gé iná gbogbo àkójọ náà, bí iná bá tilẹ̀ ṣì kù nínú ẹgbẹ́ 19 yòókù.

Ẹ̀kẹta ni òfo àṣejù. BMS àti àwọn ohun èlò mìíràn máa ń fa iná díẹ̀díẹ̀ kódà nígbà tí alùpùpù bá wà lórí ìdúró. Bí a bá gbé alùpùpù tí iná rẹ̀ ti fẹ́ tán pamọ́ fún oṣù púpọ̀, fóltì sẹ́ẹ̀lì lè lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù tí ó bá ti ṣófo jìnnà báyìí, bàbà tí ó wà nínú rẹ̀ lè yọ́ sínú omi inú sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá tún wá gbaná sí i, bàbà náà lè dì sí ibi tí kò yẹ, kí ó sì mú kí iná ṣẹ́ra nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀kẹrin ni àìsàn tí kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì rárá. Fíúùsì lè ti jó, sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ti dípẹtà, wáyà tín-ín-rín tí BMS fi ń wo ẹgbẹ́ kan lè ti já, tàbí kí BMS fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Nínú irú ọ̀ràn yìí, ìnáwó kékeré lè mú alùpùpù padà sẹ́nu iṣẹ́, ríra àkójọ bátìrì tuntun yóò sì jẹ́ òfò.

Àyẹ̀wò kí a tó pààrọ̀

Nítorí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìnáwó. Mítà tí àwọn rẹ́wáyà fi ń wọn iná tó fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó lè gba fóltì bátìrì náà.

A ó kọ́kọ́ wo fíúùsì, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bátìrì fóltì 12 kékeré, lára àwọn alùpùpù tí ó ní in. Lẹ́yìn èyí, a ó wọn fóltì gbogbo àkójọ náà. Ṣùgbọ́n iye yìí nìkan kò tó láti dájọ́, nítorí pé ó lè fi ẹgbẹ́ tí ó ń ṣàìsàn pamọ́. Bí ẹgbẹ́ 19 bá wà ní fóltì 4.0 tí ẹyọ kan sì wà ní fóltì 3.0, mítà yóò ka fóltì 79. Ẹni tí ó bá wo iye yìí lórí àkójọ tí ó ń kún dé fóltì 84 yóò rò pé kò sí wàhálà.

Nítorí náà, wíwọn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àyẹ̀wò tí ó ń fi òtítọ́ hàn. A lè wọn wọ́n níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà tín-ín-rín tí ó lọ sínú BMS, tàbí kí a fi fóònù kà á bí BMS náà bá ń lo Bluetooth. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá dọ́gba tí fóltì wọn sì dára, ṣùgbọ́n tí iná kò jáde, BMS tàbí fíúùsì ni a ó fura sí. Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, àwọn ni ó ń fa wàhálà. Bí gbogbo wọn bá wà ní ìsàlẹ̀ fóltì 2 fún ìgbà pípẹ́, kò yẹ kí a tún gbìyànjú láti jí wọn dìde.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni wíwọn iye agbára tí bátìrì lè gbà. A ó gbaná sí i títí yóò fi kún, a ó wá lò ó títí BMS yóò fi gé iná, a ó sì wo iye áńpì-wákàtí tí ó jáde. Bí ó bá jẹ́ 22 Ah ni ó jáde láti inú bátìrì 40 Ah, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù.

Yíyan bátìrì tí ó bá a mu

Fóltì ni ohun àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ bára mu, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sí ara bátìrì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àkójọ NMC ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ 20 àti àkójọ LFP ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ 24 ni wọ́n jọ ń tà ní orúkọ «fóltì 72». Èkínní kún ní fóltì 84. Èkejì kún ní fóltì 87.6. Kọ̀ntúrólà gbọ́dọ̀ lè gba fóltì tí ó ga jù tí bátìrì tuntun lè dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jó.

Ṣájà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti irú bátìrì náà gan-an. Bí a bá fi ṣájà LFP tí ó ń dé fóltì 87.6 gbaná sí àkójọ NMC ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ 20, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dé fóltì 4.38 dípò 4.2 bí BMS kò bá gé iná. Ṣájà bátìrì olójé fóltì 72 léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè dé fóltì 88. Ẹni tí ó bá bọ́ sórí lítíọ́mù láti orí bátìrì olójé gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ṣájà pẹ̀lú bátìrì, kódà bí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn bá wọ ara wọn.

Iye áńpì tí bátìrì lè tú jáde náà ṣe kókó. Kọ̀ntúrólà tí ó ń fa áńpì 80 ní fóltì 72 ń lo wáàtì 5,760. Bí BMS bátìrì tuntun kò bá gbà ju áńpì 40 lọ, alùpùpù yóò máa kú nígbàkigbà tí ẹni tí ó ń gùn ún bá fẹ́ sáré tàbí kí ó gun òkè. Yálà kí a ra bátìrì tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀, tàbí kí a dín iye tí kọ̀ntúrólà ń fà kù.

Lára àwọn alùpùpù kan, BMS àti kọ̀ntúrólà máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ wáyà ìròyìn. Kọ̀ntúrólà irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí kò bá gbọ́ ohùn bátìrì tí ó mọ̀, kódà bí fóltì bá pé pérépéré. Ó yẹ kí a mọ èyí ṣáájú kí a tó san owó.

Ìkẹyìn ni ààyè àti ìwúwo. Bátìrì gbọ́dọ̀ wọ àyè rẹ̀ láìfún pọ̀, kí a sì lè fi bẹ́líìtì tàbí irin dè é kí ó má baà máa mì. Àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dènà omi àti eruku. Àmì IP67 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, àti pé bí a bá tì í bọ inú omi tí ó jìn ní mítà kan fún ìṣẹ́jú 30, omi kò ní ṣe é ní jàǹbá.

Àtúnṣe dípò ìpààrọ̀

Bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo bá ni ó bàjẹ́, àwọn oníṣẹ́ kan máa ń tú àkójọ náà, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹgbẹ́ yẹn nìkan. Èyí dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Sẹ́ẹ̀lì tuntun tí a fi sáàárín àwọn tí ó ti gbó kò ní mú kí àkójọ náà lágbára ju ẹgbẹ́ tí ó gbó jù lọ nínú àwọn tí ó kù. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti kú nítorí ogbó, ó ṣeé ṣe kí àwọn yòókù máa tẹ̀lé e láìpẹ́. Àtúnṣe yìí mú ọgbọ́n dání nígbà tí àkójọ bátìrì kò tíì pẹ́ púpọ̀, tí àìsàn náà sì wá láti ara sẹ́ẹ̀lì tí kò dára tàbí omi tí ó ta sí ibì kan.

Sẹ́ẹ̀lì tí a bá fẹ́ fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, kí iye tí ó lè gbà sún mọ́ ti àwọn yòókù, kí fóltì rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú tiwọn kí a tó so ó pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ da NMC pọ̀ mọ́ LFP nínú àkójọ kan. Ẹ̀rọ tí ń jó irin tín-ín-rín pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá ni a fi ń so sẹ́ẹ̀lì róbótó mọ́ ara wọn. Fífi òjé gbígbóná jó o lè ba inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ nítorí pé ooru rẹ̀ pọ̀, ó sì ń pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìlànà iṣẹ́

Ìlànà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni èyí tí ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́sọ́nà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe alùpùpù ni ó ga jù níbi tí ó bá wà.

1. A ó pa kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, a ó yọ ṣájà, a ó sì yọ fíúùsì ńlá tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìgéná bátìrì.

2. A ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì fi mítà wọn ẹnu kọ̀ntúrólà. Àwọn ohun èlò kan wà nínú rẹ̀ tí ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yọ bátìrì. Mítà ni yóò fi hàn pé iná náà ti tán.

3. A ó ya àwòrán gbogbo wáyà bí wọ́n ṣe wà, a ó sì fi àmì sí wọn.

4. A ó tú ìdè bátìrì, a ó sì gbé e jáde. Àkójọ bátìrì ńlá wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ènìyàn méjì gbé e.

5. A ó wọn fóltì bátìrì tuntun, a ó sì fi mítà wá orí àti ìdí rẹ̀. Àwọ̀ pupa àti dúdú ara wáyà nìkan kò tó ẹ̀rí.

6. A ó gbé bátìrì tuntun sí àyè rẹ̀, a ó sì dè é le.

7. Bí a bá fi wáyà bátìrì kan kọ̀ntúrólà tí ó ṣófo, iná púpọ̀ yóò ya wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò sì tàn yẹ̀rì. Bí alùpùpù kò bá ní ohun tí ń dènà èyí fúnra rẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ gba iná náà kọjá nínú ohun ìdènà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

8. A ó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, a ó sì tan alùpùpù láti wò ó bóyá ó ń yí bí ó ti yẹ.

9. A ó gbaná sí bátìrì títí yóò fi kún fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi tí ènìyàn wà. A ó máa fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí láti mọ̀ bóyá ibì kan ń gbóná, a ó sì wo fóltì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ewu àti ààbò

Bátìrì kò ní ibi tí a ti lè pa á bí a ti ń pa ẹ́ńjìnnì. Kódà bí a bá pa kọ́kọ́rọ́, iná ṣì wà lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nínú òfin àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọkọ̀ oníná, iná aláìyípadà tí ó bá ju fóltì 60 lọ ni a kà sí fóltì gíga, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ alùpùpù fóltì 72 wọ inú ìsọ̀rí náà. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ tí iná kò lè gbà kọjá, kí ó bọ́ òrùka àti aago ọwọ́, kí ó sì fi téèpù wé irinṣẹ́ rẹ̀. Sípánà kan tí ó bá já lu orí àti ìdí bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà lè yọ́ kí ó sì jó ènìyàn.

Ewu tí ó tóbi jù ni ìgbóná tí kò ṣeé dá dúró. Bí sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù kan bá gbóná kọjá ààlà, yálà nítorí iná àkúnjù, ìṣẹ́ra inú, tàbí nítorí pé nǹkan gún un, yóò máa mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ooru náà yóò sì ràn mọ́ èyí tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èéfín tí ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná, ó sì ní májèlé nínú. Ẹ̀rọ apaná oníyẹ̀ẹ̀fun lè pa ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n kò lè mú ooru inú sẹ́ẹ̀lì kúrò, nítorí náà iná náà lè tún ràn padà. Omi púpọ̀ ni ó ń tu bátìrì lítíọ́mù lára. Nítorí èyí, kò yẹ kí a máa gbaná sí bátìrì tí a kò tíì dán wò nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, tàbí ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà jáde nínú ilé. Bátìrì tí ó bá wú, tí ó ń jò, tàbí tí ó ń rùn ni a gbọ́dọ̀ gbé síta jìnnà sí ilé.

Ìkógbá ilé-iṣẹ́ àti àwọn alùpùpù aláìlólùrànlọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ alùpùpù oníná ti pẹ́ ju ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n lọ. Vectrix, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ṣe alùpùpù VX-1 pẹ̀lú bátìrì níkẹ́lì fóltì 125 tí ó gba 30 Ah, ìyẹn nǹkan bíi 3.7 kWh. Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní ọdún 2009. Nígbà tí bátìrì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kú, àwọn kan lára àwọn tí ó ni VX-1 yọ níkẹ́lì náà, wọ́n sì fi sẹ́ẹ̀lì lítíọ́mù àlòkù tí a tú lára ọkọ̀ Nissan Leaf rọ́pò rẹ̀. Leaf bọ́ sọ́jà ní ìparí ọdún 2010. Àkójọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 24 kWh, a sì pín in sí ìdì 48 tí ó ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin mẹ́rin. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi fóltì 3.75, nǹkan bíi 34 tí a tò tẹ̀léra ni yóò sún mọ́ fóltì 125. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀: ọ̀nà tí ṣájà níkẹ́lì fi ń mọ̀ pé bátìrì ti kún kò bá lítíọ́mù mu, nítorí náà wọ́n ní láti tún ètò ṣájà ṣe, kí wọ́n sì fi ohun tí yóò máa wo sẹ́ẹ̀lì kún un.

Brammo náà bọ́ sọ́wọ́ Polaris ní ọdún 2015, alùpùpù oníná tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá sì di ti Victory. Ní oṣù kìíní ọdún 2017 ni Polaris kéde pé òun ń ti Victory pa. Alta Motors ti Kalifọ́níà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 2018. Bátìrì rẹ̀ ń lo nǹkan bíi fóltì 350, èyí tí ó mú kí àtúnṣe rẹ̀ kọjá agbára mẹkáníìkì lásán. Energica ti Ítálì náà wọ gbèsè ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní àlòkù kò rà ju férémù àti ẹ̀rọ lọ bí kò bá sí ọ̀nà láti rí bátìrì.

Òfin àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí bátìrì, tí ó jáde ní ọdún 2023, gbìyànjú láti dáhùn ìṣòro yìí. Láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì ọkọ̀ kékeré tí kò ju kìlógíráàmù 25 lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ lè yọ kí ó sì pààrọ̀, ilé-iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ètò inú ẹ̀rọ dènà bátìrì mìíràn tí ó bá a mu.

Bátìrì pàṣípààrọ̀

Ọ̀nà mìíràn ni kí oníkẹ̀kẹ́ má ni bátìrì rárá. Gogoro ti Taiwan gbé alùpùpù kan jáde ní ọdún 2015 tí ẹni tí ó ń gùn ún ń yọ bátìrì rẹ̀ ní ibùdó, tí ó sì ń mú èyí tí iná ti kún. Ní ọdún 2021, Honda, Yamaha, KTM àti Piaggio dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti mú kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bára mu.

Ní Benin àti Togo, ilé-iṣẹ́ Spiro, tí ó ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, ń lo ètò yìí fún àwọn ọlọ́kadà tí a ń pè ní zemidjan. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ MAX, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2015, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé alùpùpù oníná fún àwọn ọlọ́kadà. Lábẹ́ ètò pàṣípààrọ̀, ilé-iṣẹ́ ni ó ń ru ẹrù ogbó bátìrì, kì í ṣe ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n bí irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọjà àlòkù, ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ wádìí bóyá bátìrì wà lára ohun tí a tà fún un, àti bóyá alùpùpù náà yóò gba bátìrì mìíràn yàtọ̀ sí ti ilé-iṣẹ́ náà.

Ríra alùpùpù oníná àlòkù

Nítorí pé bátìrì wọ́n, ipò rẹ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu iye tí a ó san lórí alùpùpù àlòkù tàbí tòkunbọ̀. Iye kìlómítà tí ó ti rìn nìkan kò tó. Alùpùpù tí kò rìn púpọ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé pamọ́ pẹ̀lú òfo fún ọdún kan lè ní bátìrì tí ó burú ju ti èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Olùrà lè béèrè pé kí wọ́n gbaná sí i kí ó kún, kí òun gùn ún jìnnà, kí òun sì gùn ún lórí òkè. Fóltì tí ó bá já wálẹ̀ lójijì lórí òkè, tí ó sì padà sókè bí alùpùpù bá dúró, jẹ́ àmì ogbó. Bí ẹni tí ó ń tà á bá sọ pé «bátìrì díẹ̀ ló ń dà á láàmú», iye bátìrì tuntun, ṣájà àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yẹ kí a yọ kúrò nínú owó alùpùpù kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìpààrọ̀, bátìrì tuntun yóò pẹ́ sí i bí a kò bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú òfo tàbí pẹ̀lú iná kíkún fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá fẹ́ gbé alùpùpù pamọ́, iná tí ó tó nǹkan bí ìdajì ni ó dára kí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Bátìrì tí a yọ

Bátìrì tí ó ti kú fún alùpùpù lè má tíì kú fún iṣẹ́ mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ṣì gba ìdá 60 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún lè tọ́jú iná oòrùn fún gílóòbù àti fáànù ilé, níwọ̀n bí iṣẹ́ yẹn kò ti ń fa iná tí ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí a bá ti dán sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wò tí a sì fi BMS tí ó yẹ sí i. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ṣófo jìnnà, tí ó wú, tàbí tí omi ti wọ̀, kò yẹ fún èyí.

Bátìrì tí kò wúlò mọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ààtàn tàbí kí a dáná sun ún. Òjé inú bátìrì olójé ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, ó sì léwu púpọ̀ fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Bátìrì lítíọ́mù sì lè gbiná láàárín pàǹtí. Kí a tó gbé e lọ fún àwọn tí ń tún un lò, a ó fi téèpù bo orí àti ìdí rẹ̀, a ó sì fi í sínú ohun tí kò lè gbiná. Gbígbé bátìrì lítíọ́mù nìkan nínú ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń kó èrò gẹ́gẹ́ bí ẹrù ti jẹ́ èèwọ̀ láti ọdún 2016; nínú ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù, iná inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òfin yìí wà lára ohun tí ó ń mú kí bátìrì tí a bá rà láti òkè òkun sábà máa gba orí omi dé.